Ọ̀gbẹ́ni Kuronbe àti Oníbúrẹ́dì Òkè Òkun

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi jókòó sídìí rédíò ní ọgbà ilé iṣẹ́ kan tó ń ta òkúta wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé, ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Kì í ṣe rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ni, irú èyí tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ń lò nílùú òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní sí-bí. Inú kòtò jíjìn kan lẹ́yìn Òdèdà ni àwọn ọkọ̀ wa ti ń kó òkúta, fóònù kì í sì í mú níbẹ̀ rárá. Bí táyà bá bẹ́, tàbí tí ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta bá dáṣẹ́ sílẹ̀, a ò ní gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó sú ọ̀gá wa, ó ra rédíò mẹ́fà, ó gbé ọ̀kan sórí tábìlì mi, ó sì fi márùn-ún sínú àwọn típà. Wọ́n ri irin gígùn kan mọ́ orí òrùlé ọ́fíìsì mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìpẹja, ẹyẹ lékèélékèé sì máa ń bà lé e láràárọ̀.

A kì í pe ara wa lórúkọ lórí afẹ́fẹ́. Èmi ni Ilé. Àwọn ọkọ̀ ń jẹ́ Ọkọ̀ Kìíní, Ọkọ̀ Kejì, títí dé Ọkọ̀ Karùn-ún. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wàá tẹ bọ́tìnì ara máìkì mọ́lẹ̀. Bí o bá parí, wàá ní “óófà,” wàá sì tú u sílẹ̀ kí ẹnì kejì lè dáhùn. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀ ti ba ọ̀rọ̀ gbogbo wa jẹ́ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó kórìíra irú ìyẹn tó bàbá tó ń wa Ọkọ̀ Kẹta. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn awakọ̀, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọmọ Òdèdà ni, òun ló sì ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀, nítorí náà kò sóhun tí wọ́n ń pè ní ohùn kékeré lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá pè mí, ṣe ni mo máa ń yí ohùn rédíò wálẹ̀ kí n tó dáhùn. Inú rẹ̀ dára, àmọ́ kò lè fara da ẹni tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá ń sọ fún mi pé àwọn ti di ẹrù tán, àwọn ń bọ̀. Rédíò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan, ó jìnnà, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán.

Ó ní, “Hẹ́lò, hẹ́lò, ta ló ń gbọ́ mi?”

Bàbá dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. “Ta nìyẹn? Ta ló wà lórí ìlà wa?”

“Hẹ́lò! Mo ń gbọ́ ọ o! Kí lorúkọ rẹ?”

“Kúrò ńbẹ̀! Iṣẹ́ là ń ṣe níbí! Mo ní kúrò ńbẹ̀!”

Inú ọkùnrin náà dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń kígbe pé, “Kuronbe! Kuronbe! O ṣeun, Kuronbe! Ohùn rẹ ń wọlé dáadáa!”

Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n tètè rí bọ́tìnì tẹ̀. Nígbà tí mo rí i tẹ̀, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ìkànnì ilé iṣẹ́ ni èyí, Òṣíẹ̀lẹ̀ ni a wà, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní Nàìjíríà. Bó ti gbọ́ Nàìjíríà, ó pariwo bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tuntun fún. Ó ní erékùṣù kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ítálì lòun ń gbé, búrẹ́dì lòun ń ṣe tà kí òun tó fẹ̀yìn tì, òun ò sì bá ẹnikẹ́ni láti ìlú wa sọ̀rọ̀ rí. Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní àdírẹ́sì, òun fẹ́ fi káàdì ránṣẹ́ láti fi hàn pé a ti jọ sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Lákòókò yẹn, mo ti ń gbọ́ Ọkọ̀ Kejì lábẹ́ ohùn rẹ̀, tó ń pè mí pé bẹ́líìtì òun ti já. Kí ọkùnrin náà lè máa lọ ni mo ṣe ka nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ilé iṣẹ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúpẹ́. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó rẹlẹ̀ sí i, nígbà tó yá a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ariwo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Bàbá ní, “Ilé, ta ni alákọrí yẹn?”

Mo ní, “Baba, oníbúrẹ́dì ni. Láti Ítálì.”

Ó ní, “Ítálì ibo?”

“Ítálì tí ẹ mọ̀ náà ni, Baba.”

“Lórí rédíò típà?”

Nígbà tó já ẹrù tán ní ọgbà wa lọ́jọ́ náà, kò lọ sílé. Ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, ó ń wo rédíò orí tábìlì bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tó sọ̀rọ̀.

Káàdì náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òkun wà níwájú rẹ̀ àti òkè kan tó ń rú èéfín. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkùnrin náà ti kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, pé òun jẹ́rìí sí i pé lọ́sàn-án ọjọ́ báyìí, òun bá “Ọ̀gbẹ́ni Kuronbe àti akọ̀wé rẹ̀, ìyáàfin kan tó ní sùúrù” sọ̀rọ̀ láti Nàìjíríà. Mo kà á fún àwọn awakọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ti di Kuronbe. Àwọn tó ń fọ́ òkúta ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá gbọ́, ó sì gba orúkọ náà lò. Bàbá ṣe bí ẹni pé inú ń bí òun, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló wá gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀gá wa ti rí i.

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀gá wa, ìdílé olùkọ́ ló ti wá, ó sì bẹ̀rù ìwé ìjọba ju bí ẹlòmíràn ṣe ń bẹ̀rù ejò lọ. Ó pe èmi àti bàbá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fa fáìlì kan yọ, ó gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó sì ka ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wa nígbà tó ra rédíò náà. Ìwé náà sọ pé láàárín ọ́fíìsì wa àti àwọn ọkọ̀ wa nìkan ni kí a ti máa lò ó, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn, fún iṣẹ́ òkúta. Kò sí Ítálì níbẹ̀.

Ó wojú mi. “Àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ mi lẹ fún un?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Kó lè lọ ni.”

“Tí ìjọba bá ní mò ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ ńkọ́?”

Bàbá ní, “Ọ̀gá, kò sí bòókẹ́lẹ́ ńbẹ̀. Gbogbo Òdèdà ló gbọ́.”

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá pè wá láti òkè òkun, kí a panu mọ́. Kí a má dáhùn, kí a má kí i, kí a má bú u. Mo gbà. Bàbá náà gbà, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ ọn nínú. Bí a ti ń jáde, ó bi mí pé, “Ẹni tó kí ọ, tí o ò dá a lóhùn, kí ni wọ́n máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé yín?” Mo ní, “Aláìlẹ́kọ̀ọ́, Baba.” Ó ní, “Ó dáa. O mọ̀ ọ́n.”

Oṣù yẹn le fún wa. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti lọ kéde wa lókè òkun. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ohùn oríṣiríṣi á máa wọlé. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kọrin. Obìnrin kan ń ka nọ́ńbà ní èdè tí n kò mọ̀. Oníbúrẹ́dì wa náà padà wá, ó ń pe “Kuronbe, Kuronbe,” pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Èmi á jókòó, máìkì á wà lọ́wọ́ mi, ojú á máa tì mí. Mo máa ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀ díẹ̀, táá tún tú u sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, nígbà tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ohùn kan wọlé kedere bí ẹni pé Aké ló wà. Ohùn àgbàlagbà ni, ó jọ ti àwọn Lárúbáwá etí òkun lókè Áfíríkà lọ́hùn-ún. Kò pe nọ́ńbà, kò súfèé. Ohun tó sọ kò ju ẹyọ kan lọ: “As-salāmu alaykum.”

Mo mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ márààrún ló ń gbọ́. Ọmọ Mùsùlùmí lèmi náà. Kò sí ẹni tó lọ ilé kéwú tí kò mọ̀ pé sálámà kì í ṣe ohun tí à ń gbọ́ kí a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin náà tún un sọ. Nígbà kẹta, bàbá kígbe dá a lóhùn bí ìgbà tó ń pe ìrun: “Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh!”

Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn ju ìyẹn lọ. Wọ́n kí ara wọn títí tí ìkíni fi tán, ọkùnrin náà ṣàdúà, bàbá ṣe àmín, ó parí. Bàbá wa ọkọ̀ rẹ̀ tààrà wá sí Òṣíẹ̀lẹ̀, ó sì lọ fi ara rẹ̀ sùn lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ó ní, “Ọ̀gá, mo ti rú òfin yín. Ẹ̀yin ẹ lófin, Ọlọ́run náà sì lófin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wádìí lọ́wọ́ ìjọba bóyá ibì kan wà tí méjèèjì ti lè pàdé.”

Ọ̀gá fọwọ́ lérán. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní, “Lọ bá wa béèrè.”

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wá òfin kiri Abẹ́òkúta nìyẹn. Ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí mo dé, ọkùnrin ibẹ̀ bi mí bóyá ilé iṣẹ́ rédíò la fẹ́ dá sílẹ̀, ó ní òun mọ ẹni tó lè bá wa ka ìròyìn. Ní ọ́fíìsì kejì, wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí mo bá gbọ́ tẹnu mi tán, ó ní, “Ìyá, tẹ́nikẹ́ni ò bá ti lu ẹnikẹ́ni, ẹ máa lọ sílé.” Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan ni mo ti wá bá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yé. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ẹnjiníà ni, ó sì ti mú ìwé jáde kí n tó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní òun á wá wo ibẹ̀ fúnra òun. Mo ti rò pé ó máa wá kó rédíò wa lọ ni. Lọ́jọ́ tó máa wá, ọ̀gá wọ kóòtù, bàbá sì ti fọ Ọkọ̀ Kẹta bí ẹni tó ń lọ gbé ìyàwó. Ọ̀dọ́bìnrin náà wọn irin orí òrùlé, ó ṣí ẹ̀yìn rédíò wò, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó tì mí, ó ń gbọ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, àwọn ohùn náà dé. Àwọn ará Sípéènì méjì ló ń bá ara wọn jiyàn.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Oòrùn ni. Àwọn ọdún kan wà tí ara oòrùn kì í balẹ̀. Irú ọdún bẹ́ẹ̀, ohùn tí ẹ bá fi rédíò yìí rán sókè kì í sọnù. Á kọ lu ojú ọ̀run, á já bọ́ sí ibi tó jìnnà réré. Àwọn ará ibẹ̀ náà ò pè yín, ohùn tiwọn ló ṣáà bọ́ sílé yín.”

Bàbá ní, “Ẹnjiníà, nígbà tó ti bọ́ sílé wa, ṣé ká má kí àlejò?”

“Baba, ẹ lè gbọ́ o. Kò sófin tó ní kí ẹ di etí. Ìdáhùn ló wà nínú òfin.”

Ó wá ṣàlàyé fún wa pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀ lórí rédíò yìí. Ó ní ní ìlú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í gbàwé àṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, òfin kan ti wà tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹni tó bá jìnnà ju nǹkan bí àádọ́jọ máìlì lọ sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń rú òfin náà bí oòrùn bá ti gbóná, títí ó fi sú ìjọba wọn, wọ́n sì pa á rẹ́. Ó ní ibòmíràn wà tó jẹ́ pé bí o bá wakọ̀ dé ẹnubodè, o ní láti pa rédíò rẹ kí o tó wọlé, bíi bàtà tí a ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní tiwa níbí, ohun tó wà nínú ìwé àṣẹ wa náà ló dè wá mọ́lẹ̀: òkúta, ọkọ̀, Ògùn.

Ọ̀gá béèrè, pẹ̀lú ohùn kékeré, pé kí ni ìjìyà wa.

Ó ní kí a lọ sórí ìkànnì mìíràn níbi tí àlejò ò pọ̀ sí, kí a sì gé irin orí òrùlé náà kù díẹ̀. Ó kọ ìkìlọ̀ kan sílẹ̀ fún wa nítorí káàdì náà. Ó fẹ́ mọ ẹni tí Ọ̀gbẹ́ni Kuronbe tó máa kọ sínú ìwé jẹ́. Nígbà tí a sọ ìtàn orúkọ náà fún un, ó ní láti gbé bírò sílẹ̀ kó fi aṣọ nu ojú.

Kó tó lọ, ó sọ ohun kan tó yí ọ̀rọ̀ wa padà. Ó ní ọ̀nà tó tọ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀: ìdánwò kan ni ènìyàn máa ṣe. Ẹni tó bá yege, ìjọba á fún un ní ìwé àṣẹ àti àmì ìpè tirẹ̀, á sì láǹfààní láti bá ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ káàkiri ayé.

Bàbá ní, “Ṣé ìdánwò náà ní ọjọ́ orí?”

“Rárá o, Baba.”

“Kọ orúkọ mi sílẹ̀. Orúkọ mi gidi o.”

Mo ní kó kọ tèmi náà sílẹ̀. N kò mọ ohun tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Bóyá nítorí mo ti ń dá nìkan jókòó fún ọdún gbọọrọ, tí mò ń pe nọ́ńbà ọkọ̀, ni mo ṣe fẹ́ nǹkan tó jẹ́ tèmi.

A kàwé. Ọ̀dọ́bìnrin náà bá wa wá ìwé. Lẹ́yìn iṣẹ́, a máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú ọgbà fún wákàtí kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mò ń ka Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, màá túmọ̀ rẹ̀, bàbá á sì máa ṣàlàyé rẹ̀ padà fún mi. Mo ní ìwé ẹ̀rí oríṣi méjì, bàbá ò kọjá ilé ìwé mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló ti fi ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Bí mo bá ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa agbára iná, orí mi á dàrú. Òun á fa wáyà kan yọ lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, á ní, “Fọwọ́ kàn án. Ṣé ó gbóná? Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.”

Ìbàdàn la ti ṣe ìdánwò náà. Àwa méjì la dàgbà jù níbẹ̀, wọ́n sì rò pé èmi ni mo sin bàbá wá. Nígbà tí èsì jáde, bàbá yege. Èmi fìdí rẹmi.

Kí n má purọ́, ó dùn mí. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Mọ́mì mi, tí wọ́n ń ta aṣọ nínú ilé wa lẹ́yìn Aké, bi mí pé kí ló dé tí ojú mi pọ́n. Mo ní mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Wọ́n ní, “Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ tí o ṣì ń ṣèdánwò?” Wọ́n wá gbé oúnjẹ síwájú mi. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó tan rédíò, bàbá ti dé ọ́fíìsì mi. Kò yọ̀ mí, kò sì tù mí nínú. Ó gbé bátìrì ọkọ̀ kan sórí tábìlì mi pẹ̀lú gílóòbù àti wáyà, ó ní, “Ibi tó ti ń ṣe ọ́ ni iná. A ò ní kúrò lórí iná.” Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ, mo yege.

Bí a ti gba ìwé àṣẹ wa, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a kọ lẹ́tà sí oníbúrẹ́dì. A sọ fún un pé ojú ń tì wá pé a ò dá a lóhùn ní gbogbo àkókò yẹn, òfin ni. A ní kó wá pàdé wa lórí ìkànnì tuntun. Èsì rẹ̀ bà mí nínú jẹ́ díẹ̀. Ó ní nílùú tòun náà, àwọn tó bá ṣe ìdánwò nìkan ló lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀, òun sì ti lé láàádọ́rin ọdún, ojú òun ò ríran kàwé dáadáa mọ́. Rédíò sí-bí tòun, ìjọba wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu lórí rẹ̀, àmọ́ àwa ò lè padà síbẹ̀. Ibi tí òfin ti ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó tì í mọ́ wa. Ibi tó ti ṣí i fún wa, ó tì í mọ́ ọn.

Bàbá ló rí ojútùú. Ó ní, “Ṣé o rántí ohun tí Ẹnjiníà sọ? Kò sófin tó ní kí ènìyàn di etí. Ìwọ ní ìwé àṣẹ, èmi ní ìwé àṣẹ. Ìwọ wà nílé yín ní Aké, èmi wà ní Òdèdà. Jẹ́ ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí ohùn wa bá já bọ́ sí Ítálì, ṣé àwa la ní kó lọ?”

Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì dúró. Mo ta wáyà kan láti orí òrùlé wa dé ara igi ìbẹ́pẹ aládùúgbò. Mọ́mì kọ́kọ́ sọ pé mànàmáná á pa wá, nísinsìnyí wọ́n ń sá aṣọ sí i bí n kò bá sí nílé. Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, màá pe bàbá, bàbá á dá mi lóhùn. Òdèdà ò jìnnà, ohùn rẹ̀ ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń hó bí epo nígbà míràn. Yorùbá la ń sọ. A ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàdo rẹ̀ tí ọ̀bọ ń jẹ, nípa ọ̀nà tí wọ́n tún gbẹ́ sílẹ̀ tí wọn ò dí, nípa eékún rẹ̀. Oníbúrẹ́dì á jókòó sí ilé ìdáná rẹ̀ ní erékùṣù yẹn, á ṣí rédíò kékeré kan tó rà láti fi gbọ́ nìkan, á máa gbọ́ wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, lẹ́tà rẹ̀ á dé: ọjọ́ báyìí, mo gbọ́ yín kedere; ọjọ́ báyìí, òjò ló gbé yín lọ; ọjọ́ báyìí, ẹ rẹ́rìn-ín púpọ̀, kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? A ó fi lẹ́tà dá a lóhùn.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì báyìí. Fóònù ti ń mú nínú kòtò òkúta, ilé iṣẹ́ sì ti kó àwọn rédíò àtijọ́ sínú sítóò. Èmi ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìwé ọjà ni mò ń kọ.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà kan dé tó ń béèrè pé ta ni ẹnì kẹta tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ bàbá. Oníbúrẹ́dì ní ohùn rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ó dà bí ẹni tí kò fara mọ́ ohun tí bàbá ń sọ. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó ń wí. Àgbò tí bàbá rà sílẹ̀ de Iléyá ni, tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀. Kí lẹ́tà náà tó dé ọwọ́ wa, Iléyá ti kọjá. Mo bi bàbá lórí afẹ́fẹ́ pé kí ni ká kọ sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ pé àlejò ni, ó ti lọ.

Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Oníbúrẹ́dì dáhùn pé ó dun òun pé wọn ò jọ dágbére, kí a bá òun kí i bí a bá rí i. Bàbá ní kí n má dá ìyẹn lóhùn. Ó ní títí Iléyá mìíràn á fi dé, òun á ti ronú ohun tí a máa sọ.